Obìnrin Tí Ó Ní Wárápá Lè Bímọ, Ṣùgbọ́n Kí Ó Tó Lóyún Ni Kí Ó Ti Rí Dókítà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ sókè. Abẹ́lẹ̀ ni a ti ń sọ ọ́, bí àlejò bá sì wọlé, a ó yára gbé e mì. Ọ̀rọ̀ wárápá ni, pàápàá èyí tí ó bá ń ṣe ọmọbìnrin tí ó ti tó ilé ọkọ lọ.

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní wárápá láti kékeré. Ọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ fi í ṣe aya, ó sì mọ̀ nípa àìsàn náà, kò tìtorí rẹ̀ sá. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà ni wọ́n ń wí pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lóyún, pé bí ó bá lóyún, yálà òun tàbí ọmọ inú rẹ̀ yóò kú, pé bí ọmọ náà bá sì yè, wárápá ni yóò fi ṣe ogún. Ìyá náà ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wádìí rẹ̀. Ṣé kí n dá ọmọ mi dúró sílé ni?"

Mo wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, mo sì ka ohun tí àwọn oníṣègùn ti kọ sílẹ̀. Èsì tí mo fún ìyá náà ni mo fẹ́ fún gbogbo yín. Ẹ má dá a dúró. Obìnrin tí ó ní wárápá lè lọ́kọ, ó lè lóyún, ó sì lè bí ọmọ tí ara rẹ̀ pé. Nínú 100 irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tí ó lóyún, ó ju 90 lọ tí ó ń bí ọmọ tí kò ní àbùkù ara kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bí kì í ní wárápá títí ayé wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: kí oyún tó dé ni kí obìnrin náà ti rí dókítà. Bí ó bá dúró di ìgbà tí oyún dé, ó lè ti pẹ́ jù fún àwọn ohun kan.

Obìnrin kan nígbà ayé Ànábì

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ẹ̀gàn kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Àwọn áfáà wa mọ ìtàn kan tí ó wà nínú àkójọ hádíìsì ti Bukhari àti ti Muslim. Ibn Abbas ni ó nawọ́ obìnrin adúláwọ̀ kan sí Ata, ọmọ Abu Rabah, tí ó sì sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn ará ọgbà ìdẹ̀ra ni. Obìnrin yìí ti tọ Ànábì wa lọ, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ó sì sọ fún un pé wárápá a máa gbé òun ṣánlẹ̀, ara òun a sì máa ṣí sílẹ̀ lójú ayé. Ànábì ní kí ó yan ọ̀kan nínú méjì: kí ó ṣe sùúrù kí ó sì ní ọgbà ìdẹ̀ra, tàbí kí òun bẹ Ọlọ́run kí ó wò ó sàn. Obìnrin náà yan sùúrù, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ànábì bá òun tọrọ kí ara òun má ṣe ṣí sílẹ̀ mọ́. Ànábì sì tọrọ rẹ̀ fún un.

Ẹ wo ìtàn náà dáadáa. Kò sí ẹni tí ó lé obìnrin náà. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó má ṣe jókòó láàárín ènìyàn, tàbí tí ó pè é ní àjẹ́. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé ayé ń rí ìhòòhò òun, ohun náà gan-an ni Ànábì sì bá a tọrọ. Nítorí náà, bí wárápá bá gbé obìnrin ṣánlẹ̀ ní Akẹ̀sán tàbí ní ọjà èyíkéyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwa Mùsùlùmí sì dúró tí à ń wòran, tàbí tí a gbé fóònù sókè tí à ń yà á ní fọ́tò, a ti ṣẹ̀ sí ìtàn yìí. Ìró ni ó yẹ kí á tú bò ó.

Àwọn kan lè wí pé, "Ṣé sùúrù ni obìnrin náà yàn, kí ni a tún ń wá oògùn sí?" Ànábì kan náà ni ó kọ́ wa pé kí á máa wá ìwòsàn, pé Ọlọ́run kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Kí á máa ṣe àdúrà, kí á sì máa lo oògùn: ìkan kò lé ìkejì jáde nílé.

Ohun tí wárápá jẹ́

Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń wá. Ọpọlọ a máa fi nǹkan kan tí ó dà bí iná mànàmáná ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Bí iná yìí bá ṣẹ́ yọ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ètò, ara yóò gbọ̀n, ojú yóò yí, ènìyàn yóò sì ṣubú. Ìpalára nígbà ìbí lè fà á, ibà tí ó wọ ọpọlọ lè fà á, ìfarapa orí nínú jàǹbá ọkọ̀ lè fà á. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kì í rí ohun tí ó fà á. Kì í ràn. Ìfófòó ẹnu kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, àwo ìjẹun kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ jùlọ lórí àrùn yìí ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ni, tí wọ́n bí ní 1935, tí ó kú ní 1995, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì tí a ń pè ní UCH ní Ìbàdàn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, láàárín ènìyàn bíi 19,000, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1987. Nínú 1,000 ènìyàn, bíi 5 ni ó ní wárápá. Ní Aiyétẹ̀ tí kò jìnnà sí ibẹ̀, bíi 37 ni wọ́n ti rí nínú 1,000. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera ní Igbó-Ọrà láti 1963, ìtọ́jú yìí sì wà lára ohun tí wọ́n rò pé ó dín àrùn náà kù níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa: bí a bá tọ́jú aboyún dáadáa, tí a gbẹ̀bí rẹ̀ dáadáa, a lè dènà wárápá lára ọmọ tí kò tíì wá sáyé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní wárápá ní gbogbo ayé, àti pé nínú 10 wọn, 7 lè wà láìṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí oògùn tí ó yẹ lò. Nítorí náà kì í ṣe àrùn tí kò gbóògùn.

Oògùn tí gbogbo ìyá gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀

Ẹ fetí sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí ni ewu pọ̀ sí jù. Oògùn wárápá kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ sodium valproate, tí àwọn kan mọ̀ sí Epilim. Ó ń dá wárápá dúró gan-an, ṣùgbọ́n kò dára fún ọmọ inú. Nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún, bíi 10 ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù ara, ìyẹn ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ní ọkàn, tàbí ní ètè, nígbà tí ó jẹ́ pé 2 tàbí 3 nínú 100 ni ti àwọn ọmọ yòókù. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láti 30 dé 40 ni ó ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n tó rìn, tàbí tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má ṣe máa fún ọmọbìnrin àti obìnrin tí ó lè bímọ ní oògùn yìí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun àwọn ìyá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ tí Baroness Cumberlege ṣe olórí rẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde ní 2020, ó sì hàn níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin lo oògùn yìí fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tí ó ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún wọn. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ìwé àti dókítà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ọ̀yọ́mọ̀lé tí ó ń ra oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bi í léèrè bóyá ó ní ọkọ?

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn: bí ọmọbìnrin bá wá ra oògùn wárápá, ẹ má ṣe kàn gba owó kí ẹ sì ká a mọ́ bébà fún un. Ẹ sọ fún un pé kí ó rí dókítà. Ẹni tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ayédèrú fún oníbàárà jẹ̀bi. Ti ẹni tí ó ta ohun tí ó lè ba ọmọ inú jẹ́ láìsọ̀rọ̀ ń kọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Kí obìnrin tí ó ń lo valproate tàbí oògùn mìíràn má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí a bá dá oògùn wárápá dúró lójijì, gìrì lè bẹ̀rẹ̀ kí ó má sì dáwọ́ dúró mọ́, ó sì lè pa ìyá tòun tọmọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Dókítà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sí èyí tí ń jẹ́ lamotrigine tàbí levetiracetam, tí ewu wọn fún ọmọ inú kéré púpọ̀. Carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital wà láàárín: ewu wọn ju ti méjì yẹn lọ, ṣùgbọ́n kò tó ti valproate. Bí oògùn bá sì ti pọ̀ tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà ìwọ̀n kékeré tí ó bá lè mú wárápá dúró ni dókítà ń wá.

Kí oyún tó dé

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí oyún tó dé? Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú a máa pa ojú dé láàárín nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ó lè máa rò pé nǹkan oṣù òun kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Bí ó bá di oṣù kẹta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, ohun tí oògùn máa bàjẹ́ ti bàjẹ́ tán. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Nítorí náà, bí ọjọ́ yìgì bá ti ń sún mọ́, kí ọmọbìnrin náà àti ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jọ lọ rí dókítà. Kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ṣé oògùn tí mò ń lò yìí bá oyún mu? Èkejì, folic acid tí ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, mélòó ni kí n máa lò? Kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí oyún tó dé, dókítà sì lè ní kí ó lò ju ti obìnrin yòókù lọ. Ẹ̀kẹta, títí dókítà yóò fi pààrọ̀ oògùn mi tán, báwo ni n kò ṣe ní lóyún?

Lórí ìbéèrè kẹta yìí, ẹ mọ̀ pé carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital a máa sọ hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára, àti èyí tí wọ́n ń tẹ̀ bọ abẹ́ awọ apá. Obìnrin náà yóò rò pé òun dáàbò bo ara òun, oyún yóò sì wọlé. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe tí wọ́n ń fi sí ilé ọmọ ni oògùn wọ̀nyí kì í pa lára. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn kọ̀ ọ́, kí ó bi lèmọ́mù rẹ̀ nípa bí àwọn sàhábà ṣe ń ṣe é nígbà ayé Ànábì tí wọn kò fi jẹ́ kí oyún dé, tí kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Tọkọtaya ni kí ó jọ fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Ní ti ẹbí, kí a má ṣe fi àìsàn náà pamọ́ títí wọn yóò fi so yìgì. Òtítọ́ tí a sọ ṣáájú kì í tú ilé bí èyí tí ọkọ bá fúnra rẹ̀ rí ní òru ọjọ́ kan.

Nígbà oyún àti lẹ́yìn ìbí

Bí oyún bá ti dé, kí ó tètè lọ fi orúkọ sílẹ̀, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òun ní wárápá àti oògùn tí òun ń lò. Nínú oyún, oògùn a máa dín agbára kù nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá lamotrigine, nítorí náà dókítà lè fi kún un. Bí èébì bá ń da oògùn jáde, kí ó sọ ọ́. Kí ó máa sùn dáadáa, nítorí àìsùn a máa pe wárápá. Kí wọ́n yàwòrán inú rẹ̀ nígbà tí oyún bá tó bí oṣù márùn-ún, kí wọ́n fi wo ara ọmọ.

Ilé ìwòsàn ni kí ó ti bímọ, kì í ṣe ilé. Wárápá nìkan kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń bí wẹ́rẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tí Dókítà George Green dá sílẹ̀ ní 1907, tí ó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Bowen ní 2009, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti Yunifásítì Ladoke Akintola. Ará Ọ̀yọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nílùú, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bí ọ̀rọ̀ bá le. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ilé ìwòsàn àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni. Àìsàn kò mọ mọ́sáláásí, kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé gìrì kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà fún aboyún, tí kì í ṣe wárápá. Ẹni tí kò ní wárápá rí lè ṣubú nítorí rẹ̀, abẹ́rẹ́ magnesium sulfate ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, aboyún èyíkéyìí tí gìrì bá mú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ má ṣe jókòó tì í pé "ó ti mọ́ ọn lára."

Bí ó bá bímọ tán, kí ó fún ọmọ lọ́mú. Fún ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn oògùn wọ̀nyí, oore ọmú ju ewu rẹ̀ lọ. Kí ẹlòmíràn bá a gbé ọmọ lóru kí ó lè rí oorun sùn. Kí ó jókòó sílẹ̀ bí ó bá ń wẹ ọmọ tàbí tí ó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, kí ó má sì dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀ nídìí omi tàbí iná.

Ní ti ààwẹ̀ Rámádánì, Ọlọ́run Ọba ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹni tí ó fò oògùn rẹ̀ nítorí ààwẹ̀, tí kò sì rí oorun nítorí sàárì, ń fa wárápá fún ara rẹ̀. Kí ó bi dókítà rẹ̀ àti lèmọ́mù rẹ̀ kí oṣù tó lé.

Iṣẹ́ tiwa

Bí wárápá bá gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ níwájú yín, ẹ gbé ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ bò ó láṣọ, bí gbígbọ̀n náà bá sì ti rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Ẹ má ṣe da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun: àgbo náà a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti pa ọmọ púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ bá wa sọ ìtàn obìnrin yẹn nínú wáàsí Jímọ̀ kan, kí ẹ sì bi àwọn tí ó fẹ́ so yìgì léèrè bóyá wọ́n ti rí dókítà. Ẹ̀yin ìyá alásàlátù, ẹ pe agbẹ̀bí kan wá sí ìpàdé yín kí ó wá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà tí ẹ ń dá àjọ, owó oògùn àti owó ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn lè mú kí obìnrin kan dá oògùn dúró. Ẹ yọ díẹ̀ nínú sàárà yín fún irú rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni kí ẹ máa bi í ní alaalẹ́ pé, "Ṣé o ti lo oògùn rẹ?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tilẹ̀ tíì wá sọ́jà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́run fún àwọn obìnrin wa ní ìlera, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí kì í fi aláìsàn ṣẹ̀sín. Àmín.